Nọ́ọ̀sì pariwo mọ́ ọmọ mi lójú èrò, kò fẹ́ padà síbẹ̀ mọ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Màmá Nọ́ọ̀sì. Mushin la ń gbé, ọmọ ọdún 16 sì ni ọmọbìnrin mi. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ojú ara rẹ̀ ti ń yún un, tí nǹkan funfun tó ki bí ògì ń jáde. Mo ní kó lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó wà nítòsí. Kò tíì jókòó tí nọ́ọ̀sì kan fi pariwo lójú èrò pé, "Ta lo bá sùn?" Ẹkún ló sun wálé. Ó ní òun ò lọ síbẹ̀ mọ́ láé, kẹ́míìsì lòun ń lọ, torí níbẹ̀ ló ti ra kápúsù tó wo ọ̀fun tó ń dùn ún lóṣù tó kọjá. Àbúrò rẹ̀ ọmọ ọdún 11 ti ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rù ń ba èmi gan-an: ṣé ó ti mọ ọkùnrin ni? Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ìyá wa. Ẹ bá mi bẹ ọmọ náà gidigidi. Kò jẹ̀bi ohunkóhun.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ìbẹ̀rù yín. Ohun tí ẹ ṣàlàyé yìí, candida ló jọ jù lọ. Mọ̀lẹ́bí ìwúkàrà tó ń mú búrẹ́dì wú ni. Ó wà lára ọ̀pọ̀ obìnrin láìṣe wọ́n ní nǹkan kan, títí kan ọmọ tí kò mọ ọkùnrin rí, nítorí pé àwọn kòkòrò rere kan ń gbé ojú ara, àwọn ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kápúsù tó wo ọ̀fun ọmọ yín, tó jọ pé oògùn apakòkòrò (antibiotic) ni, kò mọ kòkòrò rere yàtọ̀ sí burúkú. Bó bá pa àwọn ẹ̀ṣọ́ yẹn, candida á ráyè. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀fun ni nọ́ọ̀sì yẹn sọ di ọ̀rọ̀ ọkùnrin.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má jẹ́ kó padà sí kẹ́míìsì. Kápúsù mìíràn ni wọn yóò tún tà fún un, pàápàá bó bá sọ pé toilet infection ni, orúkọ tí gbogbo Èkó fi ń pe ohunkóhun tó bá ti ń yún obìnrin níbẹ̀. Candida kì í ti orí ìjókòó ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fò mọ́ni, kápúsù yẹn kò sì ní lé e lọ, ṣe ni yóò tún ràn án lọ́wọ́. Oògùn tirẹ̀ yàtọ̀: clotrimazole tí wọ́n ń fi síbẹ̀, tàbí fluconazole tí wọ́n ń gbé mì lẹ́ẹ̀kan péré, èyí tí kò yẹ kí aláboyún lò. Ṣùgbọ́n àrùn mìíràn lè fara jọ ọ́, torí náà àfi kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Kó tó dìgbà náà, omi lásán ni kó fi máa wẹ ìta ara. Kó má fi ọṣẹ, Dettol tàbí álọ́ọ̀mù fọ inú.

Mo fẹ́ sọ òótọ́ kan fún yín. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, èmi náà bi ọmọ kan ní irú ìbéèrè yẹn, tí àwọn aláboyún jókòó bẹẹrẹ. Ọmọ náà wò mí, ó gbé báàgì ìwé rẹ̀, ó lọ. Títí dòní n kò mọ ohun tó ń ṣe é. Ìbéèrè náà fúnra rẹ̀ kò burú, a nílò ìdáhùn rẹ̀ ká tó mọ àyẹ̀wò tó yẹ. Ibi tí mo ti bi í, àti ohùn tí mo fi bi í, ló burú. Láti ìgbà náà, n kì í bi ọmọ kankan ní ohunkóhun kí n tó ti ilẹ̀kùn.

Kì í ṣe dandan kí ẹ padà sí ibi kan náà. Danfo yóò gbé yín láti Ojúwòyè dé Yábàá tàbí Sùúrùlérè, níbi tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n lójú. Ẹ̀yin nìkan ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Ẹ béèrè abẹ́rẹ́ HPV tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ fún àbúrò rẹ̀ ọmọ ọdún 11. Láti oṣù October 2023 ni ìjọba ti ń fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní Èkó lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì ni wọ́n ń gbà á. Bí ẹ ti ń béèrè, ẹ máa wò yíká. Ṣé yàrá tó ní ilẹ̀kùn wà? Ṣé wọ́n ń kígbe àìsàn aláìsàn láti orí káńtà?

Lọ́jọ́ tí ọmọ bá máa lọ, kó kọ ọ́ sí ìwé: ọjọ́ tó rí nǹkan oṣù gbẹ̀yìn, ọjọ́ tí yíyún bẹ̀rẹ̀, orúkọ kápúsù tó lò. Kó na ìwé náà sí nọ́ọ̀sì, kó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, inú yàrá ni mo fẹ́ ti sọ̀rọ̀." Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Abala 26 nínú Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 2014 ní àṣírí ni ọ̀rọ̀ aláìsàn. Òótọ́ ni pé òfin kan náà fún òbí láyè láti béèrè ọ̀rọ̀ ọmọ tí kò tíì dàgbà. Síbẹ̀ mo bẹ̀ yín, bí nọ́ọ̀sì bá ní kí ẹ bọ́ síta díẹ̀, ẹ bọ́ síta, ẹ má kà á sí ìwọ̀sí. Ọmọ tó mọ̀ pé ìyá òun ń gbọ́ yóò dáhùn "rárá" sí gbogbo ìbéèrè, "rárá" yẹn la ó sì fi kọ oògùn tí kò bá àìsàn rẹ̀ mu.

Bí ibà bá mú un, bí ìsàlẹ̀ ikùn bá ń dùn ún, tàbí bí ohun tó ń jáde bá di àwọ̀ ewé tó sì ń rùn, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ. Bó bá san tó tún ń padà wá, kí wọ́n yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

Bó bá sọ fún yín pé ẹnì kan fipá bá òun lò pọ̀, ẹ gbé e lọ sí Mirabel Centre ní LASUTH, ilé ìwòsàn ńlá ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní Ìkẹjà. Láti 2013 ni wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Oògùn tó ń dènà HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé, ṣùgbọ́n bó bá ti pẹ́, ẹ ṣì lọ.

Ní ti ìbéèrè yín tó kẹ́yìn, yíyún kò lè dáhùn rẹ̀. Ọmọ nìkan ló lè sọ fún yín, ẹ má sì bi í lálẹ́ òní. Lálẹ́ òní, ẹ sọ fún un pé nọ́ọ̀sì yẹn ló ṣàṣìṣe, pé ẹ ó bá a wá ibòmíràn, kí ẹ sì bu oúnjẹ fún un.