Mo fẹ́ lọ wo ìdíje àwọn ẹṣin ńlá tó ń fa kẹ̀kẹ́ ẹrù. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ tètè débẹ̀ kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Ibi tí wọ́n so àwọn ẹṣin mọ́ lẹ ó ti kọ́kọ́ gbádùn ara yín: wọ́n ń di irun ọrùn wọn, wọ́n ń fọ irun gígùn tó bo pátákò Shire àti Clydesdale, ìyẹn oríṣi ẹṣin ńlá méjì, títí á fi funfun báláú. Akọ Shire lè wúwo tó 1,000 kílò, torí náà ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ẹ má gba ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé o, kì í rí ẹni tó bá wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an. Ẹ̀gbẹ́ èjìká ni kẹ́ ẹ gbà, kẹ́ ẹ máa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

Bí ẹṣin mẹ́fà bá ń fa kẹ̀kẹ́ kan, ẹ fojú sí méjì tó sún mọ́ kẹ̀kẹ́ jù. Àwọn tó lágbára jù ni wọ́n máa ń fi síbẹ̀, torí àwọn ló ń ṣiṣẹ́ jù nígbà tí kẹ̀kẹ́ bá ń yí tàbí tó fẹ́ dúró. Ẹ dúró nítòsí ọgbà tí wọ́n fi yí pápá ká nígbà náà; ilẹ̀ á máa mì lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Ẹ má ṣí agboòrùn lójijì níbẹ̀, kó má bàa dẹ́rù ba àwọn ẹṣin.