Báwo ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ airbrush, ìyẹn ohun èlò tó ń fi afẹ́fẹ́ fọ́n ọ̀dà, ṣe lè mú kí àwọ̀ máa ṣú díẹ̀díẹ̀?

Ọwọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ́, kì í ṣe àwòrán. Lára irú èyí tí a ń tẹ̀ tí a sì tún ń fà, títẹ bọ́tìnì ló ń tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀, fífà á sẹ́yìn ló sì ń tú ọ̀dà. Nítorí náà, kí afẹ́fẹ́ máa ṣáájú ọ̀dà, kí ẹ sì dá ọ̀dà dúró kí ẹ tó dá afẹ́fẹ́ dúró, kí ó má baà ta tótòtó sójú iṣẹ́. Ẹ po ọ̀dà títí yóò fi ṣàn bíi mílíìkì, kí agbára afẹ́fẹ́ sì wà ní nǹkan bíi psi 20 (psi ni òṣùwọ̀n agbára afẹ́fẹ́). Bí ẹ bá sún mọ́ bébà, ìlà tín-ín-rín ni yóò jáde. Bí ẹ bá jìnnà sí i, àwọ̀ yóò fẹ̀, etí rẹ̀ yóò sì rọ̀. Ẹ ya òbìrí kan, kí ẹ máa fọ́n ọ̀dà fẹ́ẹ́rẹ́ léraléra sí ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀, kí ẹ sì fi bébà sílẹ̀ ní funfun níbi tí ìmọ́lẹ̀ bà lé. Bí ọ̀dà bá ń nà kálẹ̀ bí ẹsẹ̀ aláǹtakùn, ó ṣàn jù ni, tàbí kí ọwọ́ yín ti sún mọ́ ọn jù. Ọwọ́ ni èmi máa ń kọ́kọ́ fura sí.