Òwe òjé: ta ni baba ẹni tí yóò bọ́ ọ?

Ẹ bi mí bóyá omi ewé lè fọ òjé (irin olóró tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "lead") kúrò lára. Ẹni tó sọ fún yín pé "Ewé ń jẹ́, oògùn ń jẹ́" túmọ̀ sí pé omi ewé lè fọ òjé kúrò nínú ẹpọ̀n ọkùnrin tàbí ilé ẹyin obìnrin ti ṣì yín lọ́nà, inú sì bí mi nígbà tí mo rí ìbéèrè yín. Ìdajì òwe ló pa fún yín. Ìyókù rẹ̀ ni: oògùn tí ò jẹ́, ewé ẹ̀ ló kù kan.

Òwe tó bá ọ̀rọ̀ yín mu ni ti òjé gan-an: A ti fi òjé bọ olóòṣà lọ́wọ́, ó ku baba ẹni tí yóò bọ́ ọ. Àwọn kan ní ìhàlẹ̀ lásán ni. Èmi ò gbà. Lójú tèmi, ìwà òjé ni òwe yẹn ń sọ: wíwọlé rẹ̀ rọrùn, jíjáde rẹ̀ ló ṣòro. Bí òjé bá wọ ara, kì í pẹ́ púpọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n inú egungun ló ń sá pamọ́ sí, ìdajì rẹ̀ sì lè ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn ọdún 10 sí 30. Bí obìnrin bá lóyún, egungun á tún tú u sínú ẹ̀jẹ̀, á sì dé ara ọmọ inú.

Ewé ńkọ́? Ẹ̀rọ̀ ni. Inú "rọ̀" ni ọ̀rọ̀ náà ti wá: ó ń mú oró rọlẹ̀, kì í hú u. Òjé àti kádímíọ́mù (irin olóró mìíràn, èyí tó wà nínú èéfín sìgá) ń mú inú ara dógùn-ún bí irin, àtọ̀ a sì bàjẹ́. Èròjà inú áyù àti àlùbọ́sà ń dín ìdógùn-ún yẹn kù. Àmọ́ ara eku ni wọ́n ti rí èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀rí náà, wọ́n sì sábà máa ń fún eku ní ewé ṣáájú májèlé tàbí pẹ̀lú rẹ̀. Ààbò nìyẹn, kì í ṣe ìwòsàn.

Ó dùn mí pé ààbò, ẹ̀rọ̀ àti ìwòsàn, a ti da gbogbo wọn pọ̀ sínú ìgò kan. Àgbo mìíràn gan-an ní òjé nínú!

Baba ẹni tó lè bọ́ ọ wà o: dókítà ní oògùn bíi DMSA tó ń di òjé inú ẹ̀jẹ̀ mú, tí a ó fi tọ̀ ọ́ jáde. Ẹ kọ́kọ́ jìnnà sí ibi tó ti ń wọlé, ì báà jẹ́ bátìrì tàbí ọ̀dà àtijọ́, kí wọ́n sì yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò. Bí oṣù méjì ààbọ̀ ni àtọ̀ tuntun fi ń gbó, ẹ má retí ìyípadà lọ́sẹ̀ kan.