Aṣa méjì tó bí ọmọ oníhòhò

Ẹ kú ìtọ́jú adìẹ o. Ẹ béèrè bóyá àìsàn ló sọ àwọn ọmọ adìẹ yín di oníhòhò, àbí àkùkọ aládùúgbò ló fà á. Ó jọ pé kì í ṣe àìsàn ló ń já ìyẹ́ wọn. Ẹ ní àkùkọ aṣa, ìyẹn adìẹ tí ìyẹ́ rẹ̀ ká sókè, ló gun àgbébọ̀ aṣa. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Jíìnì kan, ìyẹn ohun àjogúnbá tí òbí ń fún ọmọ, ló ń ká ìyẹ́ aṣa sókè. Adìẹ tó gba ẹyọ kan, lọ́dọ̀ bàbá tàbí ìyá, ni aṣa tó rẹwà tí gbogbo wa mọ̀. Èyí tí bàbá àti ìyá jọ fún, tó fi di méjì, ìyẹ́ rẹ̀ á máa ṣẹ́ wẹ́wẹ́ títí ara á fi hàn.

Bí ẹyọ kọ̀ọ̀kan bá wà lára òbí méjèèjì, nínú ọmọ 4, ẹ máa retí bíi 2 tó jẹ́ aṣa, 1 oníhòhò, àti 1 tí ìyẹ́ rẹ̀ nà gbọọrọ. Nítorí náà, àkùkọ aládùúgbò kò jẹ̀bi!

Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wọ́n wò. Ìyẹ́ tó tín-ín-rín, tó ká, tó kán látàárín, jíìnì ni. Tí ẹ bá rí egbò, tàbí kòkòrò tó ń rìn nídìí ìyẹ́, ẹ wá oògùn.

Lọ́jọ́ mìíràn, aṣa kan àti adìẹ ìyẹ́ gbọọrọ kan ni kí ẹ jọ sìn. Bíi ìdajì ọmọ á jẹ́ aṣa, kò ní sí oníhòhò. Èyí tó wà nílẹ̀ báyìí, ẹ fi wọ́n síbi tó móoru, òtútù tètè ń mú wọn.