Àtíbàbà Fún Ọkọ̀ Ìgbòkun Kékeré

ÌBÉÈRÈ YÍN, ÌDÁHÙN WA

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ìbarà ni mò ń gbé ní Abẹ́òkúta níbí. Ní ọdún tó kọjá, mo ra ògbólógbòó ọkọ̀ ìgbòkun kan ní Èkó, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Lightning, tí wọ́n fi fáíbà ṣe ara rẹ̀. Oṣù mẹ́jọ ni èmi àti àbúrò mi fi há a, tí a dí ojú tó là, tí a yọ pákó tó ti jẹrà nínú rẹ̀, tí a sì kùn ún. Tírélà kékeré tí mọ́tò ń fà ni a fi ń gbé e lọ sí adágún Ọyán. Gbogbo rẹ̀ ló dára, àfi oòrùn. Ìyá wa bá wa lọ lẹ́ẹ̀kan; wọn kò lò tó wákàtí kan tí wọ́n fi ní kí a gbé àwọn padà sí èbúté. Wẹ́dà kan ní àdúgbò wa ti ní òun yóò bá wa jó òrùlé onípáìpù irin sí i, bí èyí tó wà lórí kẹ̀kẹ́ Marúwá, tí yóò máa wà níbẹ̀ nígbà gbogbo. Ǹjẹ́ ó bọ́gbọ́n mu? Bí kò bá bọ́gbọ́n mu, kí ni kí a ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìnáwó. Bí ẹ kò bá tíì fún wẹ́dà yẹn ní àsansílẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó dúró ná. N kò sọ pé kò mọ iṣẹ́ rẹ̀ o. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé kẹ̀kẹ́ Marúwá kò ní ìgbòkun. Ilé-iṣẹ́ Sparkman & Stephens ní Amẹ́ríkà ló ya àwòrán Lightning ní 1938, fún ìgbafẹ́ àti eré ìje. Gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mítà 5.8, ìbú rẹ̀ kò pé mítà 2, ara rẹ̀ lásán sì wọn nǹkan bíi kílò 318. Ó ní igi ìdábùú kan tí ẹsẹ̀ ìgbòkun ńlá so mọ́, igi yìí sì máa ń gba orí àwọn tó jókòó kọjá, láti ọ̀tún sí òsì, nígbàkígbà tí ẹ bá yí ọkọ̀ gba ìhà kejì afẹ́fẹ́. Ẹ dán an wò nílé: ẹ jókòó sínú ọkọ̀ lórí tírélà, kí àbúrò yín ti igi náà. Ẹ ó rí i pé àfi kí ẹ tẹrí ba. Òrùlé tí ẹ bá gbé sí abẹ́ igi náà yóò mú kí ẹ máa rá gbà bí ọmọ ọwọ́. Èyí tí ẹ bá gbé sí òkè rẹ̀ yóò wà ní ojú ọ̀nà tí ìgbòkun ń gbà gòkè. Kò sí ibì kẹta.

Ìwúwo náà tún wà níbẹ̀. Páìpù irin oníǹṣì kan máa ń wọn nǹkan bíi kílò 2 ní mítà kan, òrùlé bẹ́ẹ̀ kò sì lè gbà dín ní mítà 12, èyí tó di kílò 24 kí wẹ́dà tó jó ohunkóhun mìíràn mọ́ ọn. Kílò 24 ní ìsàlẹ̀ ọkọ̀ kò pa ẹnikẹ́ni lára. Òkè orí ni ó ti burú, nítorí pé ọkọ̀ ìgbòkun máa ń dẹ̀gbẹ́, ohun tó bá sì wúwo lókè yóò máa bá afẹ́fẹ́ fà á lọ sí ibi tó ti ń tẹ̀ sí tẹ́lẹ̀.

Èrò tèmi ni pé kí ẹ pín ọ̀rọ̀ oòrùn yìí sí méjì. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń rìn, akẹtẹ̀ tó ní okùn lábẹ́ àgbọ̀n àti aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn ni ibòji yín; omi náà máa ń ta ìtànṣán padà sí ojú ẹni, òrùlé kankan kò sì lè dá ìyẹn dúró. Nígbà tí ẹ bá sọ ìdákọ̀ró sílẹ̀ láti jẹun, tàbí kí Màámá lè na ẹsẹ̀ wọn, ìgbà yẹn ni kí ẹ ta àtíbàbà gidi, kí ẹ sì tú u kí ẹ tó tún gbé ìgbòkun sókè.

Bí a ṣe ń ta á kò le. Ìgbòkun ti wálẹ̀ nígbà náà, igi ìdábùú kò sì níṣẹ́ mọ́, nítorí náà ẹ sọ ọ́ di igi òkè àjà. Ẹ fi okùn tí ẹ fi ń fa ìgbòkun gòkè so ìpẹ̀kun rẹ̀ tó wà lẹ́yìn rọ̀ sókè, kí ó ga kọjá orí ẹni tó jókòó tòun ti gèlè, kí ẹ sì fi okùn méjì dè é sí ọ̀tún àti òsì kí ó má bàa máa fì. Aṣọ tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 3, tí ìbú rẹ̀ sì jẹ́ mítà 2.4, ni kí ẹ tẹ́ gùn ún. Ọ̀pá mẹ́ta tí a fi dábùú rẹ̀, ní iwájú, ní àárín àti ní ẹ̀yìn, ni kò ní jẹ́ kí ó sọ̀ kalẹ̀ lé yín lórí. Àlùmíníọ̀mù dára fún un, nítorí pé ìwúwo rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìwúwo irin. Ṣùgbọ́n ọparun gbígbẹ tí kò nípọn jù ni èmi fẹ́ràn: bó bá ṣẹ́, ẹ ó rí òmíràn gé. Àwọn tó ń rán ìjókòó mọ́tò lè bá yín rán àpò tẹ́ẹ́rẹ́ sí abẹ́ aṣọ náà, kí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan wọ inú tirẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi aṣọ ìlọ́po mẹ́ta sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí wọ́n tó lu ojú irin sí i, torí igun ló máa ń kọ́kọ́ ya.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tìtorí àtíbàbà lu ihò sára ọkọ̀. Omi tó ń gba ẹnu ihò bóòtù wọlé díẹ̀díẹ̀ ló sábà máa ń sọ pákó inú ọkọ̀ di jíjẹrà, oṣù mẹ́jọ ni ẹ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi tún ti àkọ́kọ́ ṣe. Àwọn irin tí okùn òpó so mọ́ ti wà ní etí ọkọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ lò wọ́n. Ní ìdí ọkọ̀, níbi tí kò ti sí irin, ẹ gba okùn kan lábẹ́ ọkọ̀ láti etí kan dé èkejì, kí ẹ sì so igun aṣọ mọ́ orí rẹ̀ méjèèjì. Bó bá wá di dandan pé kí ẹ lu ihò, bóòtù tí kì í dípẹtà ni kí ẹ lò, kí wáṣà tó fẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ sì fi àtè ìdímọ́mi kún inú ihò náà.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fetí sí jù nìyí. Aṣọ tí a ń sọ yìí fẹ̀ tó mítà onígun mẹ́rin 7.2. Bí afẹ́fẹ́ tó ń sáré kìlómítà 27 ní wákàtí kan bá kọlù ú gbọnrangandan, agbára tó fi ń tì í tó ìwúwo kílò 25, ìyẹn ìdajì àpò sìmẹ́ǹtì. Bí ìjì òjò bá sọ eré yẹn di kìlómítà 54, agbára náà kò ní di ìlọ́po méjì. Ìlọ́po mẹ́rin ni yóò dì, àpò sìmẹ́ǹtì méjì gbáko lórí ọkọ̀ tí kò ní ẹrù. Àtíbàbà tí kò bá ṣeé tú kíá ti di ìgbòkun kejì tí kò ní okùn ìdarí.

Ó ti ṣe mí rí. Ní ọjọ́ kan, mo di àtíbàbà mi ní kókó lórí kókó, mo sì ń jẹ ẹ̀kọ lọ ní tèmi. Nígbà tí ìjì dé, okùn ti fún pinpin débi pé èékánná mi kò ràn án. Ọ̀kan tilẹ̀ ká sẹ́yìn. Ọ̀bẹ tí mo fẹ́ fi gé ẹran ni mo fi gé okùn mẹ́rin, aṣọ náà sì fò lórí omi lọ bíi lékeléke. Láti ọjọ́ náà, òjóbó ni mo ń ta sí gbogbo igun, kí ó jẹ́ pé bí mo bá fa ìdí okùn lẹ́ẹ̀kan, yóò tú. Kí ẹ tó gbé e lọ sí Ọyán, ẹ tú u nílé níṣojú ara yín, kí ẹnìkan máa ka iye. Bí ẹ bá ka ọgọ́ta tí aṣọ kò tíì wálẹ̀, ẹ tún okùn so.

Ẹ tún mọ ibi tí ìjì ń gbà wá. Ní àsìkò òjò, afẹ́fẹ́ ojoojúmọ́ wa ń ti gúúsù ìwọ̀-oòrùn wá, ọkọ̀ tó wà lórí ìdákọ̀ró yóò sì kọjú sí i. Ṣùgbọ́n ìjì òjò ńlá, pàápàá ti oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, ìlà-oòrùn ló ti máa ń ṣíjú bọ̀. Ẹ̀yìn yín ni yóò ti wá nìyẹn, nígbà tí gbogbo yín kọjú sí iwájú. Bí atẹ́gùn jẹ́jẹ́ tó ń fẹ́ bọ̀ láti àárọ̀ bá dáké lójijì, tí ooru mú, tí ìlà-oòrùn sì ṣú bí ìdí ìkòkò, ẹ má dúró wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Ẹ tú u. Adágún Ọyán, tí wọ́n ṣí ìsédò rẹ̀ ní 1983, fẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà onígun mẹ́rin 40, kò sì sí ohun tí ẹ lè sá sẹ́yìn rẹ̀ ní àárín irú omi bẹ́ẹ̀.

Nípa oòrùn fúnra rẹ̀: Abẹ́òkúta wà ní nǹkan bíi dígírì 7 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé, nítorí náà ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni oòrùn máa ń dúró gangan lókè orí wa, ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹrin àti ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án. Kì í sì í ṣe ago méjìlá ni ó máa ń gòkè tán níbí. Ó máa ń kù díẹ̀ kí ago kan lù. Ní oṣù kejìlá, apá gúúsù ni oòrùn ọ̀sán máa ń wà, tí kò ní ga ju nǹkan bíi dígírì 60 lọ. Òrùlé nìkan kò lè tó nígbà náà, kò sì lè tó ní ìrọ̀lẹ́ kankan. Ẹ rán ìkélé kan lọ́tọ̀, tí ẹ lè so kọ́ sí ibikíbi. Ní àsìkò òjò, tí ọkọ̀ kọjú sí gúúsù ìwọ̀-oòrùn, iwájú ní ọwọ́ ọ̀tún ni oòrùn ìrọ̀lẹ́ yóò ti máa wọlé. Nígbà ọyẹ́, tí afẹ́fẹ́ ń ti àríwá ìlà-oòrùn wá, ẹ̀yìn ní ọwọ́ òsì ni. Bí wọ́n bá rán ìkélé náà pọ̀ mọ́ òrùlé ní ojú kan, ìdajì ọdún ni yóò fi wà lásán.

Ìbéèrè: Mo ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú. Ọkọ mi ní ọkọ̀ ìgbòkun kékeré kan, ó sì fẹ́ fi tapólì ṣe ìbòrí rẹ̀. Mo ní kí ó jẹ́ kí n fi àdìrẹ ṣe é, kí ó lè lẹ́wà. Ta ló jàre?

Ìdáhùn: Ìyàwó wa, n kò ní gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni nínú yín. Òwú ni àdìrẹ yín. Bí ó bá mu omi, yóò wúwo, yóò sì sọ̀, bí wọ́n bá sì ká a ní tútù sínú ọkọ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, yóò hu ehu. Oòrùn yóò tún fa aró rẹ̀ gbẹ, ẹ̀yin gan-an kò sì ní fẹ́ kí àwọn oníbàárà rí i nígbà náà. Tapólì ní tirẹ̀ kò wọ́n, kò sì gba omi, ṣùgbọ́n oòrùn máa ń sọ ọ́ di gbígbẹ tó ń fọ́ ní pápá, atẹ́gùn kékeré sì ti tó láti mú kí ó máa pariwo débi pé ẹ kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ ara yín. Ti kánópì ayẹyẹ lágbára jù ú lọ, àmọ́ ó wúwo, kì í sì í jẹ́ kí ooru jáde.

Aṣọ ákíríìlì tí wọ́n ti po àwọ̀ mọ́ ọn kí wọ́n tó ran òwú rẹ̀ ni ó ń pẹ́ jù nínú oòrùn. Bí ẹ kò bá rí i, kánfáàsì pólísítà ni kí ẹ rà. Kí òkè rẹ̀ ní àwọ̀ tó mọ́, kí ó lè ta ooru padà, kí abẹ́ rẹ̀ sì dúdú díẹ̀, nítorí pé abẹ́ funfun yóò gba ìtànṣán omi, yóò sì tún dá a padà sójú yín. Òwú pólísítà ni kí ẹ fi rán an. Mo ti rí aṣọ tó ṣì le koko tí gbogbo ojú rírán rẹ̀ tú ní ọdún kan ṣoṣo, nítorí pé télọ̀ fi òwú lásán rán an. Àdìrẹ lè di ìkélé ẹ̀gbẹ́, tí ẹ ó máa tú lọ sílé fọ̀. Ibẹ̀ ni yóò ti lẹ́wà jù pẹ̀lú, torí ojú ló ń wò ó, kì í ṣe orí.

Ìbéèrè: Ṣé a lè fi àtíbàbà sílẹ̀ lórí ọkọ̀ bí mọ́tò bá ń fà á gba Lafẹ́nwá kọjá?

Ìdáhùn: Rárá o. Mọ́tò tó ń sáré kìlómítà 60 ní wákàtí kan ti dá ìjì tirẹ̀ sílẹ̀, ẹ sì ti ka ohun tí kìlómítà 54 lè ṣe. Ẹ ká aṣọ, ẹ di àwọn ọ̀pá pọ̀ mọ́ òpó ìgbòkun tó nà sílẹ̀ lórí ọkọ̀, kí ẹ sì so aṣọ pupa mọ́ ibi tó bá yọ jáde lẹ́yìn. Bí ẹ bá dé etí omi, ẹ gbójú sókè wo wáyà iná kí ẹ tó gbé òpó náà nàró, nítorí òpó tó ga tó nǹkan bíi mítà 8, tó sì jẹ́ àlùmíníọ̀mù, ni ẹ dì mọ́wọ́ yẹn.