Atukọ̀ Gondola Kì í Ṣe Amọ̀nà: Ìdáhùn fún Ìdílé Tó Ń Lọ sí Venice

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́. Àwa márùn-ún la fẹ́ lọ sí Venice ní ilẹ̀ Ítálì: èmi, ọkọ mi, àwọn ọmọ wa méjì, àti ìyá ọkọ mi tí orúnkún ń yọ lẹ́nu. Ẹnìkan tí a bá pàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní òun lè bá wa gba gondola àdáni, ìyẹn ọkọ̀ ojú omi tóóró tí wọ́n ń fi àjẹ̀ tù, ní 70 yúrò lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ó ní láàárín ìṣẹ́jú 30, atukọ̀ yóò mú wa yí gbogbo ìlú ká, yóò máa sọ ìtàn ibi tí a bá dé, yóò sì máa kọrin fún wa. Ṣé owó yìí bá ojú mu? Èló ni kí a tún fi ta atukọ̀ lọ́rẹ?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì fi owó kankan ránṣẹ́. Irú ìbéèrè yìí ti ń wọlé tọ̀ mí wá lemọ́lemọ́ lẹ́nu àìpẹ́ yìí, inú sì ń bí mi gidigidi sí àwọn tó ń ta irú ọjà bẹ́ẹ̀ fún ènìyàn, nítorí pé nínú gbogbo ìlérí tí wọ́n ṣe fún yín yìí, ọ̀kan ṣoṣo ló jẹ́ òtítọ́, ìyẹn ni pé ẹ óò wọ gondola.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ owó kúrò nílẹ̀. Ìjọba ìlú Venice ló ń fọwọ́ sí iye tí atukọ̀ gondola lè gbà, orí ọkọ̀ ni wọ́n sì ń ka owó náà lé, kì í ṣe orí ènìyàn. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2023, iye náà ti di 90 yúrò fún ìṣẹ́jú 30 lójú ọ̀sán, àti 110 yúrò fún ìṣẹ́jú 35 bí ó bá ti di aago méje alẹ́. Ọkọ̀ kan kì í gbé ju ènìyàn márùn-ún lọ, iye yín gan-an sì nìyẹn. Nítorí náà, 90 yúrò ni gbogbo yín yóò san pa pọ̀, nígbà tí ẹni yìí ń béèrè 350 yúrò lọ́wọ́ yín. Mi ò sọ pé ẹni tó bá báni ṣètò nǹkan kò gbọdọ̀ gba owó iṣẹ́ rẹ̀, nítorí iṣẹ́ tí èmi náà ń ṣe nìyẹn. Ohun tó yẹ ni pé kí ó ya owó iṣẹ́ rẹ̀ sọ́tọ̀, kí ẹ lè rí i pé iye báyìí ni ti ọkọ̀, iye báyìí ni ti òun. Kí ẹ sì tó wọ ọkọ̀, ẹ fẹnu kò pẹ̀lú atukọ̀ lórí iye owó àti iye ìṣẹ́jú, nítorí ìjọba lè yí owó náà padà nígbàkígbà, mi ò sì lè fi ọwọ́ sọ̀yà lórí iye tí ẹ óò bá níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá dé.

Ohun tó ká mi lára ju owó lọ ni èrò tó wà nídìí ìbéèrè yín, èrò tó sì ti gbilẹ̀ láàárín àwọn arìnrìn-àjò, pé bí èèyàn bá ti gba gondola fún ara rẹ̀, ó ti gba amọ̀nà nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Atukọ̀ gondola kì í ṣe amọ̀nà, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì fún un láyè láti jẹ́ amọ̀nà.

Ẹ wo bí ọkọ̀ náà ṣe rí. Gondola gùn tó mítà 11, ṣùgbọ́n kò fẹ̀ tó mítà kan àbọ̀, abẹ́ rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 24 fẹ̀ ju ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lọ, tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ náà fi máa ń fì sí ọ̀tún bí kò bá sí ẹnì kankan nínú rẹ̀. Àwọn tó ń kàn án mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, nítorí àjẹ̀ kan péré ni wọ́n fi ń tù ú, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni àjẹ̀ náà sì wà. Bí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bá dọ́gba, gbogbo ìgbà tí atukọ̀ bá ti fa àjẹ̀ ni imú ọkọ̀ yóò máa yí sí òsì. Orí igi kan tí wọ́n ń pè ní fórcola ni àjẹ̀ máa ń dúró lé. Odindi igi ni wọ́n gbẹ́ ẹ lára rẹ̀, ó sì ká kọdọrọ bí ìgbọ̀nwọ́ ènìyàn. Ojú kan wà lára rẹ̀ tí atukọ̀ ń gbé àjẹ̀ sí bí ó bá fẹ́ lọ síwájú, òmíràn wà fún ìpadàsẹ́yìn, òmíràn sì wà fún ìgbà tó bá fẹ́ rọra kọjá níbi tó há. Láàárín ìṣẹ́jú kan, atukọ̀ lè ti gbé àjẹ̀ láti ojú kan bọ́ sí òmíràn lọ́pọ̀ ìgbà.

Ẹ̀yìn pátápátá ni atukọ̀ yìí dúró sí, lókè orí yín. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sórí àga ńlá kọ ẹ̀yìn sí i, iwájú ni ẹ ń wò. Òun náà, iwájú ló ń wò, nítorí àwọn ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tó ń kó ẹrù àti èrò ń kọjá, ògiri sún mọ́ ọn lọ́tùn-ún lósì, afárá tó rẹlẹ̀ sì wà níwájú tí òun fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ó tó lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Bí ó bá fẹ́ yà níbi ìkángun tí kò ti rí iwájú, ó ní láti ké ramúramù, kí ẹni tó ń bọ̀ ní òdìkejì lè gbọ́. Ta ni yóò wá máa sọ ìtàn ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan fún yín lẹ́nu irú iṣẹ́ yìí? Bí ó tilẹ̀ fẹ́ sọ ọ́, ẹ̀yìn orí yín ni yóò máa bá sọ̀rọ̀, afẹ́fẹ́ yóò sì gbé ìdajì rẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ sì tún wà níbẹ̀. Ìwé àṣẹ ìtukọ̀ ni atukọ̀ gondola ní, ó sì ṣòroó gbà, nítorí wọn a dán an wò dáadáa nínú bí a ṣe ń tu ọkọ̀, wọn a sì bi í ní díẹ̀ nípa èdè òkèèrè àti ìtàn ìlú. Ìwé àṣẹ amọ̀nà yàtọ̀ sí èyí pátápátá. Ní ilẹ̀ Ítálì, ẹni tí yóò máa gba owó láti ṣàlàyé ìtàn àti iṣẹ́ ọnà fún àlejò gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ ti iṣẹ́ náà, òfin kan tí wọ́n sì ṣe lọ́dún 2023 ti dá àkọsílẹ̀ orúkọ àwọn amọ̀nà sílẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Bí atukọ̀ yín bá nawọ́ sí ilé kan, tó ní ilé lágbájá nìyí, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, inú rere rẹ̀ ló ṣe é. Kò sí nínú ohun tí ẹ san 90 yúrò fún. Orin náà kò sí níbẹ̀. Olórin àti ẹni tó ń lo ohun èlò orin ni wọ́n ń gbà lọ́tọ̀, owó wọn náà sì wà lọ́tọ̀.

Ní ti yíyí gbogbo ìlú ká, orí erékùṣù kéékèèké tó lé ní 100 ni wọ́n kọ́ Venice sí, afárá ibẹ̀ sì lé ní 400. Canal Grande nìkan, ìyẹn ọ̀nà omi ńlá tó la àárín ìlú já, gùn tó kìlómítà 3.8. Gondola kì í sáré ju ẹni tó ń rìn jẹ́jẹ́ lọ. Láàárín ìṣẹ́jú 30, ẹ óò gba inú ọ̀nà omi tóóró mélòó kan kọjá, ó ṣeé ṣe kí ẹ yọjú sí Canal Grande díẹ̀, ẹ óò sì padà sí èbúté tí ẹ ti gbéra. Èyí tó dára gan-an ni, mo sì gbà yín níyànjú kí ẹ ṣe é, nítorí inú àwọn ọ̀nà omi tóóró wọ̀nyí, níbi tí ọkọ̀ ńlá kò lè dé, ni gondola ti wúlò jù. Ẹ ṣáà mọ ohun tí ẹ ń rà.

Bí ó bá jẹ́ àlàyé lẹ fẹ́ lóòótọ́, ènìyàn méjì lẹ nílò nínú ọkọ̀: awakọ̀ kan tó ní ìwé àṣẹ ọkọ̀, àti amọ̀nà kan tó ní ìwé àṣẹ amọ̀nà, tí yóò jókòó tì yín, tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí ó máa bá yín sọ̀rọ̀. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ni wọ́n sábà máa ń lò fún èyí, ó sì ń gbà tó wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Owó rẹ̀ pọ̀ ju ti gondola lọ, ṣùgbọ́n àǹfààní rẹ̀ hàn. Ẹ óò dé iwájú ṣọ́ọ̀ṣì Santa Maria della Salute, ẹ óò sì gbọ́ pé àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 1630 sí 1631 ló mú kí ìlú náà jẹ́ ẹ̀jẹ́ láti kọ́ ọ, àti pé ọdún 1687 ni wọ́n tó yà á sí mímọ́. Ẹ óò mọ ìdí tí ẹnu ọ̀nà tó lẹ́wà jù lára àwọn ilé ńlá fi kọjú sí omi, nítorí ojú omi ni àlejò àti ọjà ń gbà wọlé láyé ìgbà náà. Ẹ óò mọ̀ pé orí òpó igi tí wọ́n gbá wọnú ẹrẹ̀ ni àwọn ilé náà dúró lé, àti pé nítorí afẹ́fẹ́ kò dé inú ẹrẹ̀ náà, igi ọ̀hún kì í tètè jẹrà. Amọ̀nà tó mọṣẹ́ yóò tún fi hàn yín bí ìgbì tí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ń dá sílẹ̀ ṣe ń jẹ ẹsẹ̀ ògiri, èyí tí ìjọba fi fi òfin de eré sísá lórí omi. Bí ẹnìkan bá ṣèlérí fún yín pé òun yóò sáré mú yín yí ìlú ká, òfin ló fẹ́ rú pẹ̀lú yín nínú ọkọ̀.

Nítorí náà, ẹ bi ẹni tó ń ta ọkọ̀ fún yín ní ìbéèrè wọ̀nyí kí ẹ tó sanwó: Ṣé gondola ni àbí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì? Ṣé amọ̀nà yóò wà nínú ọkọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó ń wà á, ta ni amọ̀nà náà, níbo ni mo sì ti lè rí ìwé àṣẹ rẹ̀? Èbúté wo la ti ń gbéra? Bí omi bá kún ńkọ́? Ẹni tó bá fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ sanwó kí òun tó dáhùn, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ sì ṣọ́ra fún àwọn tó ń fi ọkọ̀ ọ̀fẹ́ lọni láti lọ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe gíláàsì ní erékùṣù Murano. Òótọ́ ni pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ gíláàsì Venice wà láti ọdún 1291, nígbà tí wọ́n kó àwọn iná ìléru kúrò láàárín ìlú nítorí ìbẹ̀rù iná, erékùṣù náà sì tó lọ wò. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ọ̀fẹ́ náà sábà máa ń já yín sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo, wọn a sì máa rọ̀ yín kí ẹ ra nǹkan olówó gọbọi. Ọkọ̀ èrò ìjọba ń lọ síbẹ̀, ẹ wọ ìyẹn.

Ìbéèrè nípa omi tí mo ní kí ẹ béèrè yẹn kì í ṣe àbéèrè-lásán. Bí omi ọ̀sà bá ga, àyè abẹ́ àwọn afárá kan a dínkù débi tí ọkọ̀ kò ní lè kọjá, ọ̀nà tí wọ́n ṣèlérí fún yín yóò sì yí padà. Àwọn ìdènà omi ńlá tí wọ́n ń pè ní MOSE, tí wọ́n kọ́kọ́ gbé sókè láti dá ìkún omi dúró ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹwàá ọdún 2020, wà fún ìgbà tí omi bá fẹ́ ga gan-an. Wọn kì í gbé wọn sókè nítorí kí ọkọ̀ àfẹ́ lè rí abẹ́ afárá gbà. Nígbà òtútù, omi lè fà débi tí àwọn ọ̀nà omi kéékèèké kan yóò fi gbẹ. Ẹ rí i dájú pé àdéhùn yín sọ bóyá wọn yóò dá owó padà tàbí wọn yóò yí wákàtí padà.

Ọ̀rọ̀ ìyá ni kí ẹ fi sí iwájú. Láti wọ gondola, èèyàn ní láti sọ̀kalẹ̀ láti orí àtẹ̀gùn sínú ohun tó ń mì, kí ó sì tún gbé ara rẹ̀ sókè nígbà tó bá ń jáde. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kékeré náà ní irú ìṣòro yìí. Atukọ̀ yóò na ọwọ́ sí wọn, ṣùgbọ́n ọwọ́ kò lè ṣe iṣẹ́ orúnkún. Èmi kì í ṣe dókítà, mi ò sì lè sọ ohun tí orúnkún wọn lè gbà. Ẹ bi dókítà wọn léèrè kí ẹ tó lọ. Ohun tí mo mọ̀ ni pé vaporetto, ọkọ̀ èrò ìjọba, ló rọrùn jù fún ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn, nítorí èbúté rẹ̀ léfòó lórí omi, ó sì ń bá ọkọ̀ ga, ó ń bá ọkọ̀ rẹlẹ̀. Èyí tó ń jẹ́ nọ́ńbà 1 ń gba Canal Grande kọjá láti òpin kan dé òpin kejì, ó sì ń dúró lemọ́lemọ́. Tíkẹ́ẹ̀tì ìṣẹ́jú 75 jẹ́ 9.50 yúrò lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan nígbà tí mo yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn. Bí mo bá wà nípò yín, èyí ni gbogbo ìdílé yóò wọ̀ ní òwúrọ̀ kùtù kí èrò tó pọ̀, lẹ́yìn náà ni àwọn tí ara wọn bá le yóò wá wọ gondola fún ìṣẹ́jú 30, tí ìyá yóò sì jókòó sí ibi tó tù wọ́n lára.

Ní ti àwọn ọmọ, kí wọ́n jókòó títí ẹ ó fi dé èbúté. Ní oṣù kejìlá ọdún 2023, gondola kan dojú dé nítorí pé àwọn èrò inú rẹ̀ ń ya fọ́tò, wọn kò sì jókòó nígbà tí atukọ̀ sọ fún wọn pé kí wọ́n jókòó. Inú omi tútù ni gbogbo wọn bọ́ sí.

Owó ìtalọ́rẹ kò pọn dandan. Bí atukọ̀ bá ṣe dáadáa sí yín, tí ọkàn yín sì fẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ fún un ní yúrò mélòó kan. Bí ó bá sì ń fi dandan gbà á lọ́wọ́ yín, iye tí ìjọba fọwọ́ sí nìkan ni ẹ jẹ ẹ́.