Mò ń wa bóòtù èrò ní Ìpákodò: ṣé ọjọ́ 5 tó láti di ọ̀gákọ̀ ìgbòkun?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Bóòtù èrò ni mò ń wà láti Ìpákodò ní Ìkòròdú lọ sí Fálọmọ, ó ti pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní ìlú ọba ní àwọn fẹ́ sanwó ẹ̀kọ́ ọlọ́jọ́ 5 kan fún mi, Day Skipper ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ní inú ọkọ̀ ìgbòkun náà la ó ti máa jẹun, ibẹ̀ náà la ó ti máa sùn. Ṣé ẹni tó mọ omi bíi tèmi ṣì nílò kó sùn sínú ọkọ̀ kó tó mọ̀ ọ́n wà? Ṣé òótọ́ ni pé lẹ́yìn ọjọ́ 5 màá lè dá ṣe ọ̀gákọ̀? Kí sì ni kí n ṣe kí n tó lọ? Atukọ̀, Ìkòròdú.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ewu omi o, atukọ̀ wa. Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n yín, wọ́n ṣe ohun ẹ̀gbọ́n. Àmọ́ ẹ ní kí wọ́n má tíì fowó ránṣẹ́, torí pé ẹ̀kọ́ tí wọ́n mú yẹn kì í ṣe ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Royal Yachting Association, ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀ ìgbafẹ́ ìlú ọba tí gbogbo wa ń pè ní RYA, ló ni ín. Ohun tí wọ́n retí ni pé kẹ́ni tó ń bọ̀ ti lo ọjọ́ 5 lórí ọkọ̀ ìgbòkun, kó ti rin máìlì òkun 100, kó ti fi wákàtí 4 rìn lóru, kó sì ti ka ẹ̀kọ́ orí ìwé rẹ̀. Máìlì òkun kan jẹ́ mítà 1,852, ó gùn ju máìlì orí títì lọ. Gbogbo ìrìn tí ẹ ti ń rìn láti Ìpákodò, ẹ́ńjìnnì ni ẹ fi rìn ín, ìjọba Èkó ò sì fẹ́ kẹ́nikẹ́ni kó èrò lórí omi tílẹ̀ bá ti ṣú. Èyí tó kàn yín ni Competent Crew, ẹ̀kọ́ ọmọọkọ̀. Ọjọ́ 5 lòun náà, inú ọkọ̀ náà lẹ máa sùn, wọn ò sì béèrè pé kẹ́ ẹ mọ nǹkan kan tẹ́lẹ̀. Àwọn ilé-ìwé kan máa ń so méjèèjì pọ̀, ọ̀sẹ̀ kan fún ti àkọ́kọ́, ọ̀sẹ̀ kan fún ìkejì. Tó bá jẹ́ àbúrò mi ni, ibẹ̀ ni mo máa ní kó gbà lọ.

Ọ̀rọ̀ pé ẹ mọ omi, mi ò bá yín jiyàn. Ẹni tó ń yẹra fún igi gẹdú àti ọkọ̀ awalẹ̀-iyanrìn lórí ọ̀sà lójoojúmọ́, ó mọ ojú omi. Ẹ mọ bí atẹ́gùn ṣe ń gbéra lọ́sàn-án, ara yín ò ní máa gbọ̀n tí ọkọ̀ bá ń mì. Ohun tó máa dà yín láàmú ni ọwọ́ yín. Bóòtù yín, ibi tí ẹ bá yí ẹ́ńjìnnì sí ló ń lọ. Ẹ sún un sí rìfáàsì, ó ti dúró. Ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ lọ kọ́ yìí á gùn tó mítà 10 sí 12, á wúwo tó tọ́ọ̀nù mélòó kan, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kéré, ìtọ́kọ̀ rẹ̀ ò sì níṣẹ́ kankan tí omi ò bá tíì máa ṣàn kọjá lára rẹ̀. Tí ẹ bá fi í sí rìfáàsì, ìdí ọkọ̀ á kọ́kọ́ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọ̀pọ̀ ìgbà ọwọ́ òsì, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Ẹni tó ti ń gun ọ̀kadà látọjọ́ pípẹ́ tí wọ́n wá kó kọ́kọ́rọ́ tírélà lé lọ́wọ́ ni yín. Òpó rẹ̀ tún wà lókè, tó lè ga ju mítà 15 lọ. Abẹ́ afárá tí ẹ ń sáré kọjá láìwòkè, ọkọ̀ yìí lè má lè gbabẹ̀ rárá.

Nípa ìgbòkun fúnra rẹ̀: ẹ ti rí àwọn apẹja tó ń ta àpò ìrẹsì rírán sórí ọ̀pá, tí atẹ́gùn á máa tì wọ́n láti ẹ̀yìn lọ sílé. Èyí tí ẹ fẹ́ kọ́ lè lọ sápá ibi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀, ṣùgbọ́n kò lè kojú rẹ̀ tààrà. Ó máa yà tó nǹkan bíi dígírì 45 sọ́tùn-ún, á tún yà sósì, wọ́gọwọ̀gọ títí tí á fi débẹ̀. Ọwọ́ á mọ ìyẹn láàárín ọjọ́ méjì. Kì í ṣe òun ló le níbẹ̀.

Èyí tó le ni iṣẹ́ ọ̀gákọ̀, òun náà ló sì fà á tí wọ́n fi ń sùn síbẹ̀. Lọ́dọ̀ yín, èrò sọ̀kalẹ̀, ẹ so bóòtù, ó parí dọ̀la. Ọ̀gákọ̀ ìgbòkun, tó bá ju ìdákọ̀ró sílẹ̀ ní agogo 6 ìrọ̀lẹ́, iṣẹ́ òru ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Ṣéènì tó tú sílẹ̀ gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po 4 jíjìn omi, ó kéré tán, jíjìn ìgbà tí omi bá kún jù ni á sì fi ṣírò. Á mú nǹkan méjì tí kì í kúrò lójú kan létí omi, ilé àti igi, á wò ó bóyá wọ́n ṣì tò sórí ìlà kan náà, kó lè mọ̀ bóyá ọkọ̀ ti ń sún. Tí atẹ́gùn bá yí lóru, á dìde lọ wò ó. Ká tó sùn pàápàá, gáàsì ìdáná ń kọ́? Gáàsì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Tó bá ń jò, ìsàlẹ̀ ikùn ọkọ̀ ló ń lọ jókòó sí, ó ń dúró de iná kékeré. Nítorí náà, lẹ́yìn ìdáná kọ̀ọ̀kan, ẹ pa á lórí sílíńdà, kì í ṣe lórí sítóòfù nìkan. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà, ọwọ́ la fi ń fa omi rẹ̀, ẹ̀kọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ fi àwọn nǹkan wọ̀nyí kọ́ ẹni tó ń lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì nírọ̀lẹ́.

Omi kíkún àti omi fífà náà wà níbẹ̀. Lẹ́nu òkun Èkó, ìyàtọ̀ méjèèjì ò ju nǹkan bíi mítà kan lọ, kí ó tó dé Ìkòròdú ó ti dín kù. Ní Portsmouth ní ìlú ọba, nígbà tí òṣùpá bá kún tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, ó lè tó mítà 4. Omi ò sì ń rìn dọ́gba. Ká ní ó máa fà ní mítà 3.6 láàárín wákàtí 6: wákàtí kìíní á mú 0.3 lọ, ìkejì 0.6, ìkẹta àti ìkẹrin á mú 0.9 lọ níkọ̀ọ̀kan, ìkarùn-ún 0.6, ìkẹfà 0.3. Tí ẹ bá gun iyanrìn ní wákàtí kẹta, tí ẹ sì ń bára yín jà fún ìṣẹ́jú 10, omi ti fi sẹ̀ǹtímítà 15 lọ sílẹ̀, ẹ máa dùbúlẹ̀ síbẹ̀ di ìgbà tí omi bá tún kún. Ìṣirò yìí ò ṣeé gbára lé níbi gbogbo o. Ní Southampton, omi ibẹ̀ ní ìwà tirẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ní kẹ́ ẹ má lọ kọ́ ọ ní Gíríìsì, níbi tí omi kì í ti í fi bẹ́ẹ̀ kún tàbí fà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oòrùn ibẹ̀ rọ̀ wá lára. Ìwé ẹ̀rí náà máa ń sọ bóyá ibi tí omi ti ń kún tó ń fà lẹ ti kọ́ ọ tàbí ibi tí kò ti rí bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn omi, ènìyàn ló kù. Ẹ ò ní kó èrò tó jókòó jẹ́ẹ́. Ọmọọkọ̀ mẹ́ta mẹ́rin lẹ máa darí, àwọn náà sanwó, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n jù yín lọ́jọ́ orí. Ẹ wò ó nígbà tí ẹ bá ń wọ èbúté. Kí ẹ tó sún mọ́ ọn ni ẹ ti máa sọ ẹgbẹ́ tí wọ́n máa so fẹ́ńdà sí, ìyẹn ìrọ̀rí tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ fara gbá èbúté, okùn tí wọ́n máa kọ́kọ́ so, ẹni tó máa sọ̀kalẹ̀, àti pé kó rọra gbẹ́sẹ̀ ni, kó má fò. Atẹ́gùn tó ń tì yín kúrò lára èbúté ń fẹ́ ètò mìíràn sí èyí tó ń tì yín mọ́ ọn. Ariwo tí à ń pa ní jẹ́tì Èkó ò wúlò níbẹ̀. Tí ẹ bá ti ń pariwo, a jẹ́ pé ẹ ò sọ ọ́ nígbà tó yẹ. Kò sí ìdánwò ọjọ́ kan ṣoṣo fún Day Skipper, olùkọ́ á kàn máa wò yín látìbẹ̀rẹ̀ dópin, èyí sì wà lára ohun tó ń wò.

Nítorí náà, ṣé ọjọ́ 5 á sọ yín di ọ̀gákọ̀? Tí ẹ bá múra dáadáa lọ, á sọ yín di ẹni tó lè mú ọkọ̀ kékeré jáde lójú mọmọ lórí omi tó mọ̀. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sì rọ́pò ohunkóhun tí LASWA, àjọ ọ̀nà omi Èkó, tàbí NIWA, ti ìjọba àpapọ̀, bá béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń kó èrò níbí.

Kí ẹ tó lọ, ẹ wá bí ẹ ṣe máa gun ọkọ̀ ìgbòkun kékeré, Lagos Yacht Club lẹ kọ́kọ́ máa béèrè lọ́wọ́ wọn. Ọkọ̀ kékeré ń dá èèyàn lẹ́kọ̀ọ́ kíákíá, torí ojú ẹsẹ̀ ló ń yí dànù. Ẹ̀kọ́ orí ìwé, íntánẹ́ẹ̀tì lẹ lè fi ṣe é láti Ìkòròdú. Báàgì rírọ̀ ni kẹ́ ẹ gbé, àpótí líle ò ní rí ibi wọ̀. Oògùn èébì òkun, kí ọkọ̀ tó gbéra là ń lò ó. Láìfù jákẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ kì í ṣe fóòmù bíi tiwa, gáàsì ló ń fẹ́ ẹ tó bá kan omi. Láràárọ̀, ẹ fọwọ́ yí sílíńdà kékeré inú rẹ̀ kó le, torí ó máa ń tú fúnra rẹ̀.

Kẹ́gbọ̀n yín tó sanwó, kí wọ́n béèrè ènìyàn mélòó ni olùkọ́ kan máa kó, márùn-ún ló pọ̀ jù. Kí wọ́n béèrè bóyá ẹ máa rìn lóru lóòótọ́. Tí ẹ kì í bá sì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, kí wọ́n sọ ọ́ ní tààrà, torí òun ni wọ́n máa ń dín láàárọ̀ nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ yẹn. Ilé-ìwé tí kò bá dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí, ẹ wá òmíràn.